Block wo ló yẹ fún gígé ọyàn: PVB, PECS II, serratus tàbí ESP?

AbẹrẹTẹẹrẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ ká fi aláìsàn kan ṣe àpẹẹrẹ: wọ́n máa gé ọyàn kan kúrò pátá, wọ́n á sì kó kókó inú abíyá ẹ̀gbẹ́ yẹn náà. Oògùn oorun ni wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Block, ìyẹn abẹ́rẹ́ oògùn tó ń pa nerve (okùn ìmọ̀lára) kú fún ìgbà díẹ̀, wà fún ìrora tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Síkáànù (ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán inú ara) wà nílẹ̀. Nínú paravertebral (PVB, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn), PECS II (láàárín àwọn ẹran àyà), serratus (ní ẹran ẹ̀gbẹ́ àyà) àti erector spinae (ESP, lábẹ́ ẹran ẹ̀yìn), èwo lẹ máa mú, kí sì nìdí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé "èyí tó bá mọ́ ọ lọ́wọ́". Ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà, iye oògùn, ohun tó máa ń bàjẹ́, ìyẹn ni mò ń wá.

OjúSíkáànù:
Kí a tó dárúkọ block kankan, ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Awọ ọyàn àti inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn nerve intercostal (tó ń gba àárín ìhà), láti T2 dé T6 (T ni ti eegun ẹ̀yìn àyà, C ni ti ọrùn). Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ka méjì tó kàn wá: ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́, tó yọ síta nísàlẹ̀ abíyá, àti ẹ̀ka iwájú, tó yọ lẹ́bàá egungun igẹ̀. Inú abíyá àti apá òkè lápá inú, intercostobrachial ló ni ín; T2 ló ti wá. Òkè ọyàn, lábẹ́ egungun iwájú èjìká, ti àwọn supraclavicular nerve ni, àwọn yẹn sì ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀, C3 àti C4. Ẹran àyà méjèèjì, pectoralis major àti minor, wà lábẹ́ pectoral nerve méjì tó ti C5 dé T1 wá. Long thoracic nerve ló ń darí serratus (ẹran ẹ̀gbẹ́ àyà), thoracodorsal ló ń darí latissimus (ẹran ẹ̀yìn ńlá).

Ẹ tẹ́ àwòrán yìí sílẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí block kan tó kárí gbogbo rẹ̀. PVB ń mú ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀ka iwájú pọ̀, àmọ́ kò kan pectoral nerve, kò sì dé supraclavicular. PECS II ń mú ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́, abíyá àti ẹran àyà, ó máa ń fi ẹ̀bá igẹ̀ sílẹ̀. Serratus jọ PECS II, ó tiẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ kò kan pectoral nerve. Ti ESP ń bọ̀, mo mọ̀ pé ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ ìjà níbẹ̀.

Fún aláìsàn tí AbẹrẹTẹẹrẹ ṣàpèjúwe, PECS II ni mo máa mú.

Ẹ̀yìnLàgbà:
Ọ̀gá OjúSíkáànù, mo gbà pẹ̀lú yín lórí àwòrán, mi ò gbà lórí ibi tí ẹ forí tì í sí. Ìlànà PROSPECT (ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ìrora iṣẹ́ abẹ jáde) ti 2020 fún iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fi PVB ṣe àkọ́kọ́ nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá tóbi, ó fi PECS ṣe àfirọ́pò. PVB kì í ṣe ọmọ àná náà: Hugo Sellheim ti ń ṣe é ní 1905, Eason àti Wyatt sì jí i dìde ní 1979.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Aláìsàn jókòó, tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa gé wà lókè. Ẹ ka eegun ẹ̀yìn láti C7, èyí tó yọ síta jù ní ìsàlẹ̀ ọrùn, títí dé T3 tàbí T4. Ẹ gbé probe (orí síkáànù tí à ń gbé sára) sí àárín ìhà méjì, kí ojú rẹ̀ bá ìhà lọ. Ohun mẹ́ta lẹ ń wá: transverse process (ìyọ ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn), awọ internal intercostal tó so mọ́ ọn, àti pleura (awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró) tó ń dán tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn bí aláìsàn ṣe ń mí. Abẹ́rẹ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, kí ẹ máa rí orí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá ti gba awọ yẹn kọjá, ẹ fi omi iyọ̀ 1 sí 2 mL dán an wò. Tí pleura bá rì sísàlẹ̀ bí ẹni tẹ ìrọ̀rí, ẹ ti débẹ̀. Tí kò bá rì, ẹ má fún un ní oògùn.

20 mL ní ojú kan, tàbí 4 sí 5 mL ní ojú kọ̀ọ̀kan láti T2 dé T6. Ojú kan yá, ó sì dín ìgúnni kù, àmọ́ oògùn lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Ojú púpọ̀ dájú jù.

ÌhàKẹrin:
Ẹ̀yìnLàgbà, ẹ fi èyí tó ń dẹ́rù bani sílẹ̀. Nínú àkójọ Lönnqvist ti 1995, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá ojú ibi láìsí síkáànù, ìfúnpá já wálẹ̀ lára 4.6%, abẹ́rẹ́ gún iṣan ẹ̀jẹ̀ lára 3.8%, ó gún pleura lára 1.1%, afẹ́fẹ́ sì wọ àyà 0.5%. Block tí kò ṣiṣẹ́ rárá jẹ́ 10.1%. Síkáànù ti tún nǹkan ṣe láti ìgbà náà, òótọ́ ni, àmọ́ pleura ò kúrò níbi tó wà. Nígbà míì ẹ ó tún rí Horner: ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ọmọlójú á sún kì ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Kò léwu, yóò lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó má baà rò pé rọpárọsẹ̀ ló dé.

PECS II nìyí fún ẹni tó fẹ́ ṣe é. Blanco ló kọ PECS I jáde ní 2011, PECS II ní 2012, serratus ní 2013.

Aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, apá rẹ̀ ṣí kúrò lára. Probe gbọọrọ, 10 sí 15 MHz, lábẹ́ egungun iwájú èjìká ní apá ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá òpójẹ̀ abíyá, axillary artery. Ìhà àkọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà bí ẹ ṣe ń sún probe sísàlẹ̀ àti síta: èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Púpọ̀ nínú PECS tó kùnà, ìhà kejì ni wọ́n ti fún un, tí wọ́n rò pé ẹ̀kẹrin ni. Ní ìhà ẹ̀kẹrin ẹ ó rí ìpele mẹ́ta lórí ara wọn: pectoralis major, minor, lẹ́yìn náà serratus tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ lórí egungun.

Abẹ́rẹ́ 22G, 80 mm tàbí 100 mm, láti òkè lápá inú wá sísàlẹ̀ síta. Ti ìsàlẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ fún: 20 mL láàárín minor àti serratus. Kí ẹ wá fa abẹ́rẹ́ padà sókè díẹ̀, kí ẹ fún 10 mL láàárín major àti minor ní ìhà kẹta. Tí ẹ bá yí i po, tí ẹ fún ti òkè ṣáájú, omi á ti ìpele ìsàlẹ̀ jìnnà, àwòrán á dàrú. Kí ẹ tó fún ti òkè, ẹ tan àwọ̀ Doppler, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn hàn: ẹ̀ka thoracoacromial artery ń gba àárín ẹran méjèèjì yẹn kọjá, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Oògùn tó wọ ibi tó yẹ máa ń la ìpele méjì bí ẹni ń ṣí ìwé. Tó bá rí róbótó bí ẹyin, inú ẹran lẹ wà. Ẹ dúró, ẹ yí abẹ́rẹ́ díẹ̀, ẹ tún fi omi iyọ̀ dán an wò.

Ọ̀bẹIná:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ náà sọ tirẹ̀. Bí a bá ń kó kókó abíyá, a gbọ́dọ̀ rí long thoracic àti thoracodorsal, ká má sì gé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fún nerve náà pọ́n-ún tàbí kí a fi ẹ̀rọ iná kékeré kàn án, ká wo bóyá ẹran á fò. Lẹ́yìn PECS II tàbí serratus, kì í fò mọ́, nítorí orí serratus gan-an ni long thoracic ń gbà kọjá, ibẹ̀ lẹ sì da 20 mL sí. Ìkejì: ìpele tí à ń fi ọ̀bẹ iná là á tutù rinrin, iná ò jó o dáadáa, gbogbo rẹ̀ wú bíi kànìnkànìn. Ìkẹta: bí èjìká aláìsàn bá yọ sẹ́yìn lọ́jọ́ kejì, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo ṣe é tàbí ẹ̀yin.

ÌhàKẹrin:
Ọ̀gá, ẹjọ́ yín tọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa dán nerve wò, ẹ sọ kí aláìsàn tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, a ó mú PVB, kò kan long thoracic rárá. Tàbí ká ṣe serratus ti ìsàlẹ̀, ìyẹn lábẹ́ serratus lórí egungun ìhà. Èyí sábà máa ń dá long thoracic sí. Tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín fún un nígbà tí àyà ṣì ṣí, lẹ́yìn tí ẹ ti kó kókó tán, kí ẹ tó dí i: 20 mL sábẹ́ minor, 10 mL sábẹ́ major, ẹ̀yin lẹ ń wo ibẹ̀ kòró. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni ìrànlọ́wọ́ block nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Fentanyl (oògùn ìrora líle) á pọ̀ díẹ̀.

Ti èjìká tó yọ sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má kọ "nerve ti bàjẹ́" sínú fáìlì kí oògùn tó kúrò lára. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 24 sí 48.

Ti ìpele tó tutù: 20 sí 30 ìṣẹ́jú láàárín block àti ọ̀bẹ máa ń dín in kù. Kì í parí rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù_T4:
Kí ló dé tí gbogbo yín ń yẹra fún ESP? Forero gbé e jáde ní 2016, ó rọrùn, pleura jìnnà sí i. Probe lóròó, nǹkan bíi 3 cm sí ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn, ẹ wá transverse process T4, ẹ kàn án lábẹ́rẹ́, ẹ fún 20 sí 30 mL sábẹ́ ẹran erector. Ó tán.

OjúSíkáànù:
Ó rọrùn, mi ò jiyàn. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀: ìrọ̀rùn yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n mú un níbi tí kò yẹ. Oògùn ESP wà lẹ́yìn transverse process. Ẹ̀ka ẹ̀yìn nerve ló kọ́kọ́ ń bá pàdé. Kó tó kan ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ àti iwájú, ó gbọ́dọ̀ jò wọ inú àlàfo paravertebral, lára àwọn kan á wọ̀ dáadáa, lára àwọn míì á kàn ta síbẹ̀. Ẹ fi yìnyín dán an wò lára ẹni tó jí: ẹ̀yìn á ti kú, iwájú àyà á ṣì mọ òtútù. Wọn kì í sì í gé ọyàn ní ẹ̀yìn.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni jù ú nù. Tí awọ iwájú àyà bá ní àrùn, tí ìtànṣán ti sun ẹran ibẹ̀ le bí pákó tí ìpele ò ṣe é là mọ́, tàbí tí PVB ò ṣeé ṣe nítorí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ESP ń gba ni là. Àmọ́ bí àyà bá dára, tí abíyá sì wà nínú iṣẹ́, kì í ṣe òun lẹ ó kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ẹ̀yìnLàgbà:
Níwọ̀n bí ẹ ti dárúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀: PVB jìn, ẹ ò lè fọwọ́ tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí à ń fi òfin abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn dè é. Enoxaparin tí wọ́n fún kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, ẹ dúró wákàtí 12 kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Èyí tó jẹ́ ìwọ̀n ìtọ́jú, wákàtí 24. PECS àti serratus ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí míì tí mo fi fẹ́ràn PVB: ó ń dín ìrora tó ń pẹ́ kù, wọ́n tún ní kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ padà.

OjúSíkáànù:
Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká dá èyí dúró níbí kó má baà dé etí aláìsàn. Ìwádìí ńlá tí Sessler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú Lancet ní 2019 fi PVB pẹ̀lú propofol (oògùn oorun inú iṣan ẹ̀jẹ̀) wé sevoflurane (oògùn oorun tí à ń fà símú) pẹ̀lú opioid (irú mọ́fíìnì) lára obìnrin 2,108. Jẹjẹrẹ padà lára 10% ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 102 àti 111. Ìrora ojú egbò lóṣù mẹ́fà jẹ́ 52% ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, ẹ fún aláìsàn ní block kí alẹ́ àkọ́kọ́ lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí opioid dín kù, kí èébì dín kù. Ìyẹn tó ìdí. Ẹ má ṣèlérí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

AbẹrẹTẹẹrẹ:
Ẹ ṣé gan-an. Tó bá wá jẹ́ ọyàn méjèèjì ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń fún 30 mL bupivacaine 0.25% sí ẹ̀gbẹ́ kan, 30 mL sí èkejì, láì ka ohunkóhun.

MílígíráàmùLóLẹ́nu:
Ibẹ̀ ni ikú ń gbà wọlé. Aláìsàn 60 kg. Bupivacaine 2 mg fún kg kọ̀ọ̀kan: 120 mg. 0.25% túmọ̀ sí 2.5 mg nínú mL kọ̀ọ̀kan. 60 mL jẹ́ 150 mg. Ẹ ti fi 30 mg kọjá, oníṣẹ́ abẹ ò sì tíì fún tirẹ̀ sójú egbò.

Block ìpele ẹran ń fẹ́ omi púpọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ oògùn líle. Ẹ pò ó: bupivacaine 0.5% 22 mL, omi iyọ̀ 38 mL, àpapọ̀ 60 mL, 110 mg. Tàbí ropivacaine 0.25%, 30 mL sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 150 mg. Òpin rẹ̀ ní 3 mg fún kg jẹ́ 180 mg. Ẹ kọ iye tó kù sára pátákó kí oníṣẹ́ abẹ náà rí i. Bí ó bá fẹ́ da lignocaine sí ọyàn, wọ́n jọ ń ná owó inú àpò kan náà ni, kì í ṣe àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Arúgbó, aláìsàn ẹ̀dọ̀ àti ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ: ẹ dín in kù sí i.

Ẹ máa fa síríńjì sẹ́yìn wò kí ẹ tó fún 5 mL kọ̀ọ̀kan. Bí oògùn bá wọ ẹ̀jẹ̀ jù, ẹni tó jí á ní ètè òun kú, etí òun ń hó, ẹnu òun ń ta bí irin. Ẹni tó sùn ò ní sọ nǹkan kan. Lára ECG (àwòrán ìlù ọkàn) lẹ ó ti rí i, ìgbì QRS á fẹ̀, ìfúnpá á já. Ó sì lè gbà tó 30 ìṣẹ́jú, ìgbà tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé pé block wáyé. Ọ̀rá olómi 20%, tí à ń fi tọ́jú èyí, gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti relé. 1.5 mL fún kg, láàárín 2 sí 3 ìṣẹ́jú: 90 mL fún ẹni 60 kg. Lẹ́yìn náà 0.25 mL fún kg ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, 15 mL nìyẹn. Òpin gbogbo rẹ̀ 12 mL fún kg. Bí ẹ bá nílò adrenaline, díẹ̀díẹ̀, kó má ju 1 microgram fún kg lọ lẹ́ẹ̀kan. Propofol funfun bíi rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àfirọ́pò.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
Ẹ̀yin dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wọ́ọ̀dù kún un. Block tí ẹ fún ní aago mẹ́wàá àárọ̀ máa ń tú láàárín alẹ́, nígbà tí aláìsàn ti sùn tí kò sì tíì gbé nǹkankan mì. Ìrora á dé lẹ́ẹ̀kan náà, á le ju bó ṣe yẹ lọ. Kí paracetamol 1 g wà lára láti yàrá iṣẹ́ abẹ, kó sì máa tẹ̀ lé e ní wákàtí 6 síra, bóyá ó ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Ẹni tí kò tó 50 kg, 15 mg fún kg. Ibuprofen 400 mg ní wákàtí 8 síra, bí kíndìnrín bá dára tí ẹ̀jẹ̀ ò sì jò. Ẹ má kọ "bó bá béèrè" síwájú méjèèjì. "Bó bá béèrè" wà fún mọ́fíìnì nìkan.

Ohun kejì: ẹ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún gan-an, kó fi ìka kan tọ́ka sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú egbò kọ́, ihò drain (ọ̀pá tó ń fa omi egbò jáde) ni.

ÌhàKẹrin:
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Drain máa ń jáde nísàlẹ̀, ní T6 tàbí T7, PECS II kì í sábà dé ibẹ̀. 3 sí 5 mL sí ojú ihò drain kí wọ́n tó rán an, ó ti tó. Ẹ kà á mọ́ àpapọ̀ oògùn o.

Dexamethasone 8 mg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn tí aláìsàn ti sùn, máa ń jẹ́ kí block pẹ́ díẹ̀, ó sì ń dín èébì kù. Tí a bá fún ẹni tó jí, ojú ara á yún un gan-an fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Alátọ̀gbẹ, ẹ wo ṣúgà rẹ̀.

Ọ̀bẹIná:
Kí n fi kan kún ti nọ́ọ̀sì. Bí abẹ́ apá bá kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe block. Intercostobrachial ló máa ń bá ọ̀bẹ lọ nígbà míì tí a bá ń kó kókó. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ kó má fi omi gbígbóná sí ibẹ̀ láìfi ọwọ́ kejì dán an wò.

AbẹrẹTẹẹrẹ:
Ìbéèrè kan tó kù. Tí wọ́n bá fi implant (ọyàn àtọwọ́dá) sábẹ́ pectoralis major lójú ẹsẹ̀, tí aláìsàn jí, tó ń fọwọ́ di ẹ̀bá egungun igẹ̀, lẹ́yìn PECS II tó dára?

OjúSíkáànù:
Ẹ̀ka iwájú nìyẹn, èyí tí mo sọ lókè pé PECS II ń fi sílẹ̀. Ẹ gbé probe sí 2 cm sí ẹ̀gbẹ́ egungun igẹ̀, lóròó, ní àárín ìhà kẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹ fún 10 sí 15 mL láàárín pectoralis major àti ẹran intercostal. Ẹ má lọ jìn ju ìyẹn lọ: internal mammary artery wà nísàlẹ̀, pleura wà lẹ́yìn rẹ̀, ìpele òkè yìí sì ń ṣiṣẹ́ náà. Tí egbò bá ti dí, tí bándéèjì bo ibẹ̀, probe ò ní rí àyè. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ ṣe é mọ́ PECS II látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ pín 40 mL ropivacaine 0.25% sí ibi mẹ́ta: 20, 10, 10. 100 mg péré nìyẹn.

Tó bá jẹ́ òkè ọyàn ló ń dùn ún, lábẹ́ egungun iwájú èjìká, 5 mL sábẹ́ awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun náà á mú supraclavicular. Ṣùgbọ́n tó bá ní gbogbo àyà ń fún òun bí ìgbànú, tó ń mí kúkúrú, ẹ fi block sílẹ̀, ẹ gbé probe sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ wò bóyá pleura ṣì ń yọ̀.